Ohùn Àwẹ̀ró ní Ìlú Àwọn Apoìró

"Ẹ kọ́kọ́ gbé abọ́ ilá yẹn kúrò níwájú mi. Ẹ gbé e jìnnà, kí ẹ fi nǹkan dé e, kí ẹ wá jókòó. Ẹni tí ó bá mú etí wá, kí ó sún mọ́ mi. Ẹni tí ó bá mú ẹnu nìkan wá, ẹ̀pà wà nínú àwo níbẹ̀ yẹn, kí ó máa fi jẹ ẹ́."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn òṣèré orí rédíò tí wọ́n wá bá mi nílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mojírádé ni orúkọ obìnrin tí ó ṣáájú wọn. Wọ́n gbọ́ pé kò sí ẹran igbó tí èmi Ọdẹ́jìnmí kò lè fi ẹnu mi ké bíi tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí n ké bí ẹtu kí ẹ̀rọ wọn lè gbà á sílẹ̀ fún eré. Òjò dé, ó ń lu páànù gbàgbàgbà, kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè gbọ́ mọ́. Bí a ti jókòó tí à ń wo ojú ọ̀run, ọ̀kan nínú wọn, Lájídé, gbé abọ́ ilá kíkan kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fà á, ó ń lọ́ ọ.

"Baba, ẹ di ojú yín," ni ó wí. "Kí ni ẹ gbọ́?"

Mo di ojú mi. Mo gbọ́ òjòlá tí ń gbé ewúrẹ́ mì. Mo sáré jáde sínú òjò, mo sì bì lẹ́bàá ògiri.

Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ náà. Mojírádé mú omi wá fún mi. "Baba, ẹ má bínú. Eré lásán ni o. Ẹ̀rín ni a fi ń ṣe é."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni ẹ fi ń ṣe é," ni mo dá a lóhùn. "Àwọn tí mo kọ́kọ́ rí nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀rín náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ jókòó. Ẹ ó gbọ́ ìdí tí n kì í fi í jẹ ilá."

Ní ìdílé wa, ọdẹ kì í ti igbó dé kí ó wọlé ṣàdédé. Ẹ̀yìnkùlé ni yóò dúró sí, yóò húkọ́, yóò pe ìyàwó rẹ̀, ìyàwó yóò sì dá a lóhùn kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi sọ fún mi pé ohùn ìyàwó ni ó ń gba ọdẹ lọ́wọ́ igbó. Bí kò bá gbọ́ ọ, ara rẹ̀ nìkan ni ó wọlé, ọkàn rẹ̀ ṣì ń rìn láàárín igi. Ìyàwó ọdẹ mìíràn a máa ki ọkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó tèmi, kì í kì mí. Imú Àwẹ̀ró mú ju ti ajá ọdẹ lọ. Bí mo bá ti ké pè é pé, "Àwẹ̀ró o! Mo dé o!" òṣé ni n ó kọ́kọ́ gbọ́. Yóò pa á, yóò fà á gùn bí okùn kànga, yóò wá ní:

"Baba Ọdẹ́wùmí! Òórùn kí ni ẹ tún gbé wọ ìlú yìí? Ẹ dúró síbẹ̀ o! Omi wà nínú ìkòkò, kàn-ìn-kàn-ìn wà lórí òkúta. Ẹni tí kò bá wẹ̀ kò wọ ilé mi."

Ọdẹ́wùmí ni ọmọ wa obìnrin. Lójú àwọn ará àdúgbò, èébú ni Àwẹ̀ró fi ń pàdé mi. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ilé ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, Àwẹ̀ró lọ fọ aṣọ lódò, ó sì gbọ́ ohùn mi láti òdìkejì omi: "Àwẹ̀ró o!" Èmi kò sí níbẹ̀. Inú igbó ìhà kejì ìlú ni mo wà, níbi tí ẹ̀gún ti wọ abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí títí di òní, bí òjò bá ń bọ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń sọ fún mi. Àwẹ̀ró mọ̀ pé a kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn nínú igbó. Ṣùgbọ́n ohùn ọkọ rẹ̀ ni. Ta ni kò ní dáhùn? Ó ní, "Hòo!" Ìdáhùn náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ bí ewúrẹ́ tí a fi okùn fà.

Mo dé ní ìrọ̀lẹ́, mo húkọ́, mo pè. Kò sí òṣé. Mo tún pè. Àwẹ̀ró jáde sí ẹnu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé bíi ti ẹja orí ilẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi ọwọ́ kan dí imú, ó fi èkejì nà sí ìkòkò omi. Mo lọ wẹ̀. Ohun tí ó ti ojú mi dà ní ìdí ìkòkò náà, omi ìwẹ̀ nìkan kọ́.

Nígbà tí mo wẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ júwe odò àti ìpè tí ó dáhùn fún mi. Wọ́n po àgbo fún un. Àgbo náà korò tó bẹ́ẹ̀ tí àkùkọ tí ó ṣa èérún rẹ̀ jẹ kò fi kọ mọ́ títí tí a fi pa á. Ohùn kò dé. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa, Gbádéjọ, ó fi ọwọ́ lu mí léjìká lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn: "Ọdẹ́jìnmí, orí rẹ mà bá ọ ṣe é o! Ìyàwó tí kò lè bú ọkọ! Níbo ni wọ́n ti ń tà á, kí n lọ ra tèmi?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo wo èérún obì tí ó há sáàárín eyín rẹ̀, ó sì rí mi lára bí ẹni rí ìdin nínú ọbẹ̀. Mo wọlé, mo mú ìbọn àti àpò mi, mo sì kọrí sí òdìkejì omi tí ìpè náà ti wá. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ má bi mí ní ọ̀nà. Bí mo bá júwe rẹ̀ fún yín, ẹ ó lọ, ẹ kò sì ní bọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ru ìbọn ni ó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Mo la igbó kọjá títí mo fi dé ọ̀dọ̀ iwin kan tí ń jẹ́ Kìkìọ̀fun. Kò ní orí, kò ní ọwọ́, kò ní ikùn. Ọ̀fun ni látòkèdélẹ̀, ó ga bí igi àràbà tí inú rẹ̀ ti jẹrà, ẹnu rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀, ó là á sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

"Dá ìró kan tí n kò gbọ́ rí," ni Kìkìọ̀fun wí. "Bí o bá dá a, wàá kọjá. Bí o kò bá dá a, n ó gbé ọ mì."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Èmi! Mo ké bí ẹtu tí ń wá ọmọ rẹ̀. Mo ké bí àparò tí ọkọ rẹ̀ kò wálé. Mo bú bí ẹfọ̀n tí ọta bà nítan, tí ewé fi ń já bọ́ lórí igi.

Kìkìọ̀fun yán. "Mo ti gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ ìyẹn náà. Èyí tí o ṣe gbẹ̀yìn yẹn, ìyá rẹ pàápàá ti gbọ́ ọ rí."

Ọgbọ́n tán nínú mi. Bí mo ti dúró tí mò ń ronú, inú mi tí oúnjẹ kò wọ̀ láti àná kùn: kùùrùùrùù.

"Kí nìyẹn?" ni Kìkìọ̀fun pariwo.

"Ebi ni."

"Kí ni ó ń jẹ́ ebi?"

Ẹ wo nǹkan! Ó ní ọ̀fun tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní ikùn. Ohun gbogbo tí ó bá gbé mì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń bọ́ sí, ó sì ń jẹrà níbẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí inú mi kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi ń ta sí mi lójú, ó sì ní kí n kọjá. Inú ọ̀fun rẹ̀ ni mo gbà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mù mí dé orúnkún. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí ni ó burú jù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni bàtà ẹsẹ̀ òsì mi bọ́ sí, n kò bẹ̀rẹ̀ láti wá a. Nígbà tí mo jáde lódìkejì, mo bọ́ sórí òkìtì ohun tí ó ti ń gbé mì láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. N kò ní sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Ẹ ṣì ń jẹ ẹ̀pà.

Lẹ́yìn òkìtì náà ni ìlú àwọn Apoìró wà. Etí wọn tó ewé kókò. Wọn kò ní ojú, wọn kò ní imú. Láti iwájú orí dé ẹnu, pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ni. Nítorí pé wọn kò ríran, eré tí à ń fi etí gbọ́ ni ó jẹ́ ìgbádùn wọn. Nítorí pé wọn kò gbóòórùn, ẹ̀yin ènìyàn, ìlú náà rùn. Ó rùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń mí ní ìdákúrekú bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò.

Ilé ńlá kan wà tí wọ́n ti ń po ìró fún eré. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ ìró òjò, ìdin ni wọ́n ń dà sínú epo gbígbóná. Bí ó ti ń ta ṣáṣá nínú agbada, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń rọ̀ nínú eré wọn. Awọ màlúù tí a kò fá, tí eṣinṣin bò, ni wọ́n ń gbọ̀n fún àrá. Bí olólùfẹ́ méjì bá fẹ́ dì mọ́ra, wọn a lẹ ìgbín méjì tí kò sí nínú ìkarahun mọ́ ara wọn, wọn a sì rọra fà wọ́n ya. Bí kìnnìún yóò bá bú, baba arúgbó kan tí kò ní eyín a bu omi ògì kíkan sí ọ̀fun, a gbé orí sẹ́yìn, a sì máa hó o. Tí ó bá bú tán, a gbé omi náà mì. Ó ní kí ó má baà ṣòfò.

Èèwọ̀ sì ni kí wọ́n fọ ohun èlò kankan níbẹ̀. Wọ́n gbà pé bí a bá fọ ìkòkò, ìró inú rẹ̀ yóò bá omi lọ.

Bí mo ti wọlé, àwọn méjì ń jà lórí bí ìyẹ́ awó ṣe ń dún.

"Ìgbálẹ̀ tútù ni!"

"Irọ́ ni. Yẹ̀rì àtijọ́ ni. Gbọ́ ọ: fìrì fìrì fìrì."

"Ìyẹn kì í ṣe awó. Ìyá àgbà tí inú ń run tí ń sáré lọ sí ṣáláńgá nìyẹn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni ẹnì kan kí mi láti ẹ̀yìn: "Ọdẹ́jìnmí, káàbọ̀." Ara mi bù máṣọ, nítorí ohùn èmi fúnra mi ni ó fi kí mi.

Olóhùn-Rẹpẹtẹ ni, ọ̀gá gbogbo wọn. Kò sí ohùn tí ó gbọ́ tí kò lè sọ.

"Ìwọ ni o pe ìyàwó mi lódò," ni mo wí.

"Èmi ni," ni ohùn mi dá mi lóhùn. "Ǹjẹ́ n kò pè é dáadáa? Mo lọ gbọ́ ọ lódò títí, bí ó ti ń kọrin, bí ó ti ń bá àwọn obìnrin ṣeré. N kò dé ilé yín, nítorí àwọn ajá rẹ burú; inú igbó ni mo ti gbọ́ ohùn tìrẹ. Ohùn rẹ̀ dùn. A fẹ́ ẹ fún ìyá ọba nínú eré wa tuntun."

"Gbé e fún mi."

"Má kánjú. Ọwọ́ ọdẹ ni mo gbọ́ pé o ní, ó yẹ kí ó yá níṣẹ́. Bá wa ṣe eré yìí. Lẹ́yìn náà, n ó gbé àwọn kèrègbè ohùn kalẹ̀. Bí o bá mọ tirẹ̀, máa gbé e lọ. Bí o bá ṣì í mú, wàá fi ohùn tìrẹ sílẹ̀ fún wa. Èmi ti ń sọ ọ́ báyìí náà."

Kí ni ǹ bá ṣe? Wọ́n fi mí sídìí ìkòkò ilá. Ilá náà ti pẹ́ nínú ìkòkò ju bí mo ti pẹ́ láyé lọ. Awọ aláwọ̀ ewé ti bò ó lójú, nǹkan kan sì ń rìn lábẹ́ awọ náà. Mo ki apá mi bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Bí wọ́n bá ní òjòlá gbé ènìyàn mì nínú eré, èmi ni n ó lọ́ ilá. Bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ jagunjagun rì sínú ẹrẹ̀, èmi náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tí ó rí mi lára jù. Ní ọjọ́ eré, òkùnkùn bo gbọ̀ngàn, àwọn elétí ńlá jókòó, olórí eré ní, "Òjòlá náà sì la ẹnu." Mo lọ́ ilá. Mo lọ́ ọ wẹ́rẹ́, mo dúró, mo jẹ́ kí wọ́n rò pé ó ti tán, mo sì tún fà á pọ̀ọ̀lọ́! Gbogbo gbọ̀ngàn ké, àwọn kan dì mọ́ ara wọn, àtẹ́wọ́ sọ. Inú mi dùn. Inú èmi Ọdẹ́jìnmí dùn, pẹ̀lú ìdin ní ìgúnpá mi! Mo tilẹ̀ ti ń ronú bí n ó ṣe lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè dára ju èyí lọ. Bí a bá ro ti dídùn ifọn, a ó họ ara dé egungun. Mo fa apá mi yọ, mo sì ní kí wọ́n gbé kèrègbè wá.

Wọ́n tò wọ́n sórí pẹpẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Olóhùn-Rẹpẹtẹ ti tú ohùn tí wọ́n fi ń ṣe bí Àwẹ̀ró sínú wọn. Wọ́n ṣí ìda tí wọ́n fi dí ẹnu kèrègbè. Kèrègbè kan kì mí, "Ọdẹ́jìnmí, ọkọ mi, ọmọ arínú-igbó-bí-ẹni-rín-ilé." Ohùn Àwẹ̀ró ni. Òmíràn sunkún pé kí n má fi òun sílẹ̀. Ohùn Àwẹ̀ró ni. Òmíràn rẹ́rìn-ín bí ó ti máa ń rín pẹ̀lú àwọn obìnrin lódò. Àwọn kan dákẹ́, bí òfìfo. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ orin tí ó máa ń kọ fún Ọdẹ́wùmí nígbà tí ó wà ní ìkókó, tí ó bá pọ̀n ọ́n lọ sódò. Ọkàn mi yọ́. Mo ní, èyí ni.

Mo gbé apá sókè láti nà án sí i.

Òórùn apá náà kọlù mí nímú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Kìkìọ̀fun, ìdin, ilá àtayébáyé, gbogbo rẹ̀ gbẹ mọ́ mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Mo ń pọ̀ lọ́wọ́ ni mo bi ara mi pé: èmi yìí, bí mo ti ń rùn yìí, kí ni Àwẹ̀ró ń kì mí fún, kí ni ó ń kọrin sí mi létí fún?

Mo sọ apá kalẹ̀. Mo jáde kúrò nínú ilé náà, mo yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo húkọ́. Mo ké pè, "Àwẹ̀ró o! Mo dé o!"

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi!" ni gbogbo kèrègbè dáhùn. "Olówó orí mi! Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó tì mí!"

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ láti igun pẹpẹ, nínú ọ̀kan tí mo rò pé òfìfo ni. Òṣé. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gùn, ó gùn bí okùn kànga.

"Baba Ọdẹ́wùmí! Ẹ̀yin náà kọ́ nìyẹn? Hẹ̀ẹ́! N kò bá àwọn ẹlẹ́gbin wọ̀nyí sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹ̀yin náà wá ń rùn jù wọ́n lọ! Ẹ dúró síbẹ̀ o! Ṣé kò sí omi ní ìlú yìí ni?"

Ẹ má bi mí bí ohùn ṣe ń gbóòórùn. Ẹ bi mí bí ayọ̀ ṣe gbé mi gba ojú fèrèsé wọlé. Mo gbá kèrègbè náà mọ́ àyà. Ó ń bú mi bí mo ti gbá a mọ́ra.

Olóhùn-Rẹpẹtẹ na etí. "Ìró wo nìyẹn? Èyí tí ó kọ́kọ́ dún, ìró wo ni?" Ó gbìyànjú rẹ̀, ó dún bí epo tí ń ta. Ó tún un ṣe, ó dún bí ejò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú ìgbálẹ̀, wọ́n mú awọ, wọ́n mú ìgbín, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nǹkan kò rí lára rí, níbo ni yóò ti rí òṣé pa? Ó kúnlẹ̀, ó fi ohùn tèmi bẹ̀ mí: "Kọ́ wa. Gba ohùn ọba, gba ohùn àrá, kí o kọ́ wa ní ìyẹn."

"Ẹ kọ́kọ́ fọ ìkòkò yín," ni mo wí, mo sì jáde.

Nínú ọ̀fun Kìkìọ̀fun, Àwẹ̀ró kò sinmi. "Kí ni mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ yìí? Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ta ni?" Ó pa òṣé níbẹ̀, òṣé náà rin iwin náà lọ́fun, ó húkọ́ ìkọ́ kan ṣoṣo, ó sì pọ̀ wá síta gbáà. Etí igbó ìlú wa ni mo balẹ̀ sí. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwẹ̀ró jáde, mo ṣí kèrègbè sí i lẹ́nu, ó gbé ohùn rẹ̀ mì bí ẹni mu omi tútù. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tí ó kọ́kọ́ sọ. Mo lọ wẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ dé ibi yìí, òjò ti dá. Lájídé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Baba," ni Mojírádé wí, "ẹtu ńkọ́?"

Mo dìde láti ké bí ẹtu fún wọn. Wọ́n tan ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì nà án sí mi. Kí n tó la ẹnu, a gbọ́ nǹkan láti ilé ìdáná. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì gùn.

"Baba Ọdẹ́wùmí! Ta ló gbé ilá kíkan yìí sí ẹnu ọ̀nà mi?"

Gbogbo wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú Mojírádé tàn. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti rọra ń yí ẹnu ẹ̀rọ náà sí ilé ìdáná. Mo bọ́ fìlà mi, mo sì fi dé ẹ̀rọ náà lórí.

"Ẹ ó gba ẹtu," ni mo wí. "Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ó gba ẹfọ̀n pẹ̀lú."

Ó tún pa òṣé.

"Mò ń bọ̀ wá gbé e," ni mo dáhùn, mo sì lọ gbé abọ́ náà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Mo di imú mi.